Àgbà Kì Í Wà Lọ́jà: Ọ̀rọ̀ Wa Lórí Àwọn Ọmọ Tí Ẹ̀rù Ilé-Ìwé Ń Bà

Ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ wa sọ ní Igana, níwájú àwọn ọba, àwọn ìjòyè, àwọn òbí àti àwọn olùkọ́ agbègbè Pobè àti Sakété

    

Nígbà tí ẹgbẹ́ wa bá pe ìpàdé, ọ̀rọ̀ títì, iná, omi àti ìbò la sábà máa ń sọ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lónìí, àwọn tí ọ̀rọ̀ wa kàn kò tíì tó ìbò dì. Wọn ò lè wá síbí wá gba ọ̀rọ̀ sọ. Àwọn ọmọ wa tó ń lọ sí ilé-ìwé ni, pàápàá àwọn tí ẹ̀rù ilé-ìwé ń bà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá wa létí díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ọmọ jí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó ní inú ń run òun. Ìyá rẹ̀ se àgbo fún un. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, inú ṣì ń run ún. Nígbà tó di Sátidé, tí kò sí ilé-ìwé, ara ọmọ yá, ó ń sáré kiri àgbàlá. Ọjọ́ Ajé tún dé, inú tún bẹ̀rẹ̀. Bàbá ní ọ̀lẹ ló ń ṣe é, ó mú pàṣán. Ọmọ gbé báàgì jáde, ṣùgbọ́n kò dé ilé-ìwé. Abẹ́ igi kan ló jókòó sí títí oòrùn fi kan àtàrí, ó wá tẹ̀ lé àwọn tó ń bọ̀ padà wálé. Kó tó di pé ẹnikẹ́ni mọ̀, ọdún ti lọ. Lọ́dún kejì, wọ́n ní ọmọ yẹn ò fẹ́ ìwé mọ́. Ó ti wà lóko, tàbí kó ti sọdá bọ́dà lọ síbi iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú wa níbí ló mọ ọmọ tó jọ bẹ́ẹ̀. A máa ń sọ pé orí ẹ̀ ò gba ìwé. Ó ṣeé ṣe kí orí ẹ̀ gba ìwé dáadáa. Ẹnì kan ló ń dúró dè é lójoojúmọ́ lẹ́yìn ilé ìyàgbẹ́ tàbí lójú ọ̀nà, tó ń gba owó oúnjẹ rẹ̀, tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ẹgbẹ́, tó ń sọ fún un pé bó bá sọ ọ́ nílé, òun á fojú ẹ̀ rí nǹkan.

Ẹ má ṣì wá gbọ́ o. Ìjà ọmọdé ò lè tán láyé. Ọmọ méjì á jà nítorí bọ́ọ̀lù, kó tó di ìrọ̀lẹ́ wọ́n ti jọ ń jẹ máńgòrò. Ìyẹn kọ́ là ń wí. Ìfòòró yàtọ̀ sí ìjà, nǹkan mẹ́ta la sì fi ń dá a mọ̀. Èkíní, léraléra ló ń ṣẹlẹ̀, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Èkejì, agbára ò dọ́gba: ẹni ńlá sí kékeré, ọ̀pọ̀ sí ẹnì kan, ọmọ ilé sí ọmọ tí kò ní ẹni. Ẹ̀kẹta, ẹni tó ń ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, kí ojú lè ti ọmọ kejì, kí ẹ̀rù lè máa bà á. Níbi tí nǹkan mẹ́ta yìí bá ti pàdé, ẹ má pè é ní eré ọmọdé mọ́.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ tiwa nìkan ló ti ń ṣẹlẹ̀. Lọ́dún 2019, àjọ UNESCO kó ìwádìí láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè jọ. Wọ́n rí i pé nínú ọmọ ilé-ìwé 100, àwọn 32 ni ẹlẹgbẹ́ wọn ti fòòró ní ilé-ìwé, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀kan, láàárín oṣù kan péré. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹnì kan nínú ẹni mẹ́ta. Láti ọdún 2020 ni àgbáyé sì ti ya Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù Kọkànlá sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí. Iye ti gbogbo ayé nìyẹn, a ò ní ká fi ṣe ẹ̀rí sí kíláàsì Igana. Ṣùgbọ́n ó tó láti mú kí olúkúlùkù wa bi ara ẹ̀ léèrè pé: nínú àwọn ọmọ tó wà nílé mi, ta ni?

Ta ni wọ́n máa ń fòòró jù? Ẹ jẹ́ ká wò ó. Ọmọ tí wọ́n fi sọ́dọ̀ ìbátan tàbí ọ̀dọ̀ àjèjì, tí àwọn ará Kútọnu ń pè ní vidomègon. Ó ti pọnmi, ó ti gbálẹ̀, ó ti fọ abọ́ kó tó lọ sí ilé-ìwé, ó pẹ́ dé, oorun ń kùn ún. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín aṣọ rẹ̀. Bí wọ́n bá lù ú, ta ló máa bá a dé ilé-ìwé? Ọmọ tó wá láti abúlé inú ẹrẹ̀ dúdú Ọ̀họ̀rí, tí òjò bá rọ̀, tó fẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ wọ kíláàsì, tí wọ́n ń pè é ní ará oko. Ọmọ tó jẹ́ pé òdìkejì bọ́dà ló ti bẹ̀rẹ̀ ìwé, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tó wá dé bá Faransé, tí gbogbo kíláàsì ń bú sẹ́rìn-ín bó bá ti lanu. Àfín tí ojú ẹ̀ ò ríran dé pátákó. Akólòlò. Ọmọ tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kan kúrú. Ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí nǹkan oṣù rẹ̀, tí àbàwọ́n hàn lára aṣọ rẹ̀, tí kò sì sí ilé ìyàgbẹ́ tó ní ilẹ̀kùn tó lè sá wọ̀.

Ẹ wò ó dáadáa, ẹ̀yin àgbà. Àwọn èébú tí àwọn ọmọ yẹn fi ń bú ara wọn, kì í ṣe àwọn ló dá a sílẹ̀. "Ọmọ ọ̀dọ̀", "ará oko", "àjèjì", "abirùn", ta ló kọ́ wọn? Ẹnu wa ni wọ́n ti gbọ́ ọ, nílé, lọ́jà, nídìí ayò. Ohun tí bàbá sọ lálẹ́ lọ́mọ ń gbé lọ sí ilé-ìwé láàárọ̀.

Àní ìgbà kan wà tó jẹ́ pé ilé-ìwé fúnra ẹ̀ ló kọ́ wa. Àwọn tó ti dàgbà níbí á rántí ohun tí wọ́n ń pè ní signal. Kì í ṣe Igana nìkan, gbogbo ilẹ̀ Dahomey àti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí Faransé jọba lé lórí ló ti ṣẹlẹ̀, kò sì tán nígbà tí a gba òmìnira lọ́dún 1960. Egungun ni níbi kan, ìkarahun ìgbín ni níbòmíràn, tàbí èèkù igi. Ọmọ tó bá kọ́kọ́ sọ èdè ìyá rẹ̀ láàárọ̀ ni wọ́n máa so ó mọ́ lọ́rùn. Bó bá fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, àfi kó máa ṣọ́ ẹlòmíràn tó máa gbàgbé sọ èdè ìyá tirẹ̀, kó lè gbé e kọ́ tọ̀hún lọ́rùn. Ẹni tó bá wà lọ́rùn ẹ̀ nígbà tí ilé-ìwé bá jáde ló máa jìyà.

Ẹ rò ó wò. Ọmọ sọ Yorùbá lórí ilẹ̀ baba rẹ̀, wọ́n so egungun mọ́ ọn lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ìtìjú yẹn nìkan kọ́ ló burú níbẹ̀. Ohun tó burú jù ni pé wọ́n sọ àwọn ọmọ di ọlọ́pàá ara wọn. Ọmọ tí ìyà jẹ láàárọ̀ ń wá ẹni tí òun máa fi ìyà jẹ kó tó di ìrọ̀lẹ́. Kò sí ọ̀rẹ́ níbẹ̀ mọ́. Nínú àwa tí à ń sọ̀rọ̀ yìí, àwọn kan wà tó gbé e kọ́rùn rí, àwọn kan sì wà tó gbé e kọ́ ẹlòmíràn lọ́rùn. A kì í sọ èyí èkejì jáde. Àmọ́ òun gan-an ló yẹ ká sọ. Torí bí ìfòòró ṣe ń rìn nìyẹn: ẹni tó gbà á lára ń wá ẹni tó máa gbé e fún. Àwọn àgbà ní ọ̀pá tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó.

Signal yẹn ti kúrò lọ́rùn àwọn ọmọ wa. Ṣé ó ti kúrò lórí ahọ́n wa?

Àwọn kan á ní, "Àwa náà jẹ ìyà yẹn, a ò kú. Òun ló sọ wá di ọkùnrin." Ẹ̀gbọ́n, a gbọ́ yín. Ṣùgbọ́n àwọn tó jókòó síbí lónìí ni àwọn tó kọjá níbẹ̀. Àwọn tí kò kọjá, tí wọ́n jókòó sílé láti kíláàsì kẹta, tí wọn ò lè ka ìwé ìpè tí a fi pe ìpàdé yìí, ṣé ẹ bi wọ́n léèrè? Ẹni tó la odò kọjá kì í jẹ́rìí fún ẹni tí omi gbé lọ.

Àwọn mìíràn á sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni gbogbo èyí. Rárá o. Ẹ jẹ́ ká rántí ohun tí àwọn baba wa wí. Abuké, arọ, àfín, ẹni òòṣà la pè wọ́n. Ọbàtálá ló mọ wọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹni bá fi wọ́n ṣẹ̀sín, Ọbàtálá ló fi ṣẹ̀sín, àwọn olórìṣà sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Yálà Mùsùlùmí ni wá o, yálà Kìrìsìtẹ́nì, yálà oníṣẹ̀ṣe, kò sí ọ̀kan nínú ẹ̀sìn wa tó ní ká máa rẹ́rìn-ín ọmọ aláàbọ̀ ara. Àwa la gbàgbé.

Ẹ tún wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kéde lọ́dún 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé, tiwa àti ti àwọn ará Nàìjíríà àti Tógò. Lóru Ẹ̀fẹ̀, eégún a máa kọrin bú ènìyàn. Ta ló ń bú? Ẹni tó jalè, ẹni tó fi ipò rẹ̀ rẹ́ ará ìlú jẹ, ẹni tó ba ìlú jẹ́, olówó àti olóyè kò yọ sílẹ̀. Yẹ̀yẹ́ tó ń tún ìlú ṣe nìyẹn, gbangba ni wọ́n ń ṣe é, ẹni tó lágbára ni wọ́n ń bá wí. Yẹ̀yẹ́ ilé-ìwé yìí, ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ń ṣe é, ẹni tí kò lágbára ni wọ́n ń ṣe é sí. Wọn ò jọra. A bẹ ẹ̀yin onígẹ̀lẹ̀dẹ́: ní ọdún tó ń bọ̀, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí kọ́ ìlú lórin. Ẹ kọrin bá àgbà tó gbọ́ ẹkún ọmọ tó sì kọjá lọ wí.

Nísinsìnyí, kí ló dé tí ọmọ kì í sọ ọ́? Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ kì í kàn ṣàdédé dákẹ́. Ó ti dánwò ná. Ó sọ fún olùkọ́, olùkọ́ ní, "Lọ jókòó, má ṣe olófòófó." Ó sọ fún bàbá, bàbá ní, "Ìwọ náà ò lọ́wọ́ ni? Lọ lù ú padà." Ó sọ fún ìyá, ìyá sáré dé ilé-ìwé, ó pariwo láàárín àgbàlá, ó bú ọmọ ọlọ́mọ. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n lu ọmọ náà ní ìlọ́po méjì. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mẹta yẹn, ta ni ẹ fẹ́ kó tún sọ fún? Àwa la fọwọ́ ara wa dí i lẹ́nu.

Ohun kan ṣoṣo tí a wá sọ lónìí nìyí. Ọmọ tó bá ní àgbà kan, ẹyọ kan péré, tó mọ̀ pé á gbọ́ òun láì pariwo, láì bú òun, tí á sì ṣe nǹkan sí i, ọ̀nà àbáyọ ti ṣí fún un. Ọmọ tí kò ní, bí ilé-ìwé bá dára ju ààfin lọ, inú ẹ̀rù ló máa wà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́. Ilé-ìwé náà ọjà ni. Níbo ni àgbà ibẹ̀ wà?

Àwọn ìlú mìíràn ti dán an wò. Ní Nọ́wè, lọ́dún 1982, ọmọkùnrin mẹ́ta gba ẹ̀mí ara wọn, àwọn ènìyàn sì gbà pé ìfòòró àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ló fà á. Ìjọba dìde lọ́dún 1983, wọ́n gbé ètò kalẹ̀ ní gbogbo ilé-ìwé orílẹ̀-èdè náà. Ọ̀mọ̀wé Dan Olweus bá wọn ṣe é ní ìlú Bergen, ó sì rí i pé ìfòòró dínkù gan-an. Kí ni wọ́n ṣe? Kò sí awo níbẹ̀. Àgbà ń dúró sí àgbàlá nígbà tí àwọn ọmọ bá ń ṣeré. Òfin tó ṣe kedere wà, gbogbo ọmọ mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá rú u, wọ́n á bá a wí láì nà án, láì dójú tì í. Wọ́n sì ń pe òbí ọmọ méjèèjì. Ní Fínláǹdì, láti ọdún 2009, ètò tí wọ́n ń pè ní KiVa tún fi nǹkan kan kún un: àwọn ọmọ tó dúró ń wòran. Wọ́n rí i pé ẹni tó ń fòòró ọmọ kejì, òǹwòran ló ń ṣe é fún. Bí àwọn òǹwòran ò bá rẹ́rìn-ín, tí ẹnì kan nínú wọn lọ jókòó ti ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ, eré tán. Ìyẹn ò náni ní kọ́bọ̀.

Òfin orílẹ̀-èdè wa náà ò dákẹ́. Ìwé òfin ńlá ti ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1990, ní abala 13, ní ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di dandan. Bí ìwé bá jẹ́ dandan, ààbò níbi ìwé gbọ́dọ̀ jẹ́ dandan: a ò lè fi agbára lé ọmọ lọ síbi tí wọ́n ti ń fìyà jẹ ẹ́. Òfin 2015-08 ti ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 2015 ni ìwé òfin ọmọdé, ó dáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ ìwà ipá àti ìlòkulò. Òfin 2017-06 ti ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017 dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara. Òfin 2021-11 ti ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá ọdún 2021 sì mú ìyà le fún ẹni tó bá fìtínà obìnrin àti ọmọbìnrin, títí kan olùkọ́ tó bá bá akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lò pọ̀. Ilé-ẹjọ́ CRIET ló ń gbọ́ irú ẹjọ́ yẹn.

Ibí yìí la ti fẹ́ fi ìbọ̀wọ̀ bá ẹ̀yin ìjòyè wa sọ̀rọ̀. A mọ̀ pé ààfin àti ilé baálẹ̀ ni ọ̀ràn ti máa ń parí. Ó dára. Bí ọmọ méjì bá jà, bí èébú bá pọ̀ láàárín ìdílé méjì, ẹ parí ẹ̀ fún wa, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣe ọmọ léṣe, tàbí bí àgbàlagbà bá fọwọ́ ìbàjẹ́ kan ọmọbìnrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n gbé obì àti ọtí wá parí ẹ̀ níwájú yín. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ pé ká fi bò ó, ara ẹ̀ ló ń bò. Ọmọ yẹn á ṣì máa kọjá níwájú ilé ẹni tó ṣe é lójoojúmọ́. Ọlọ́pàá ni ìyẹn tọ́ sí, àti ọ́fíìsì ètò ààbò àwùjọ tí wọ́n ń pè ní GUPS. Nọ́ńbà tẹlifóònù kan sì wà fún ọmọdé, 138, kò gba owó. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri gbogbo kíláàsì, ẹ kọ́ ọmọ yín kó mọ̀ ọ́n lórí bó ṣe mọ orúkọ ara ẹ̀.

Kí la wá ń bẹ̀bẹ̀ fún? Mẹ́fà ni, kò sí ìkankan tó kọjá agbára wa.

Èkíní, kí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan yan àgbà méjì, obìnrin kan, ọkùnrin kan, tí àwọn ọmọ lè lọ bá. Kò pọn dandan kí àwọn méjèèjì jẹ́ olùkọ́. Ìyá tó ń ta ìrẹsì lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé lè jẹ́ ọ̀kan. Òun ló ń rí ọmọ tí wọ́n gba owó ẹ̀ tí kò wá rajẹ mọ́. Kí wọ́n pe orúkọ àwọn méjèèjì níwájú gbogbo ọmọ, kí wọ́n tún un pè níbẹ̀rẹ̀ sáà kọ̀ọ̀kan.

Èkejì, kí ọ̀gá ilé-ìwé ní ìwé kan tó ń kọ ọ̀rọ̀ sí: ọjọ́ wo, ibo, ta ló ṣe é, kí la ṣe sí i. Kí ẹgbẹ́ òbí wo ìwé náà lẹ́ẹ̀kan ní sáà. Ohun tí a ò kọ sílẹ̀, a máa ń gbàgbé ẹ̀. Ọmọ tí ó ṣẹlẹ̀ sí kì í gbàgbé.

Ẹ̀kẹta, ọ̀nà. Ìfòòró púpọ̀ kì í ṣẹlẹ̀ nínú kíláàsì, ojú ọ̀nà, ẹ̀yìn ilé ìyàgbẹ́ àti àkókò eré ló ń ṣẹlẹ̀. Kí olórí abúlé kọ̀ọ̀kan yan ọmọ ńlá méjì tàbí mẹ́ta tí àwọn kéékèèké á máa bá rìn lọ, tí wọ́n á jọ máa bọ̀. Kí olùkọ́ kan sì wà lójúfò ní àgbàlá nígbà eré.

Ẹ̀kẹrin, èdè. A ò sọ pé kí wọ́n má kọ́ Faransé. Kí wọ́n kọ́ ọ dáadáa. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá béèrè nǹkan ní Yorùbá, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rẹ́rìn-ín rẹ̀. Olùkọ́ tó bá gbọ́ èdè náà, kó fi dá a lóhùn ná, kó wá fi Faransé lé e. Ọmọ tí ahọ́n ẹ̀ bá wà ní ìdè, báwo ló ṣe máa sọ pé wọ́n ń lu òun?

Ẹ̀karùn-ún, ilé. Ẹ̀yin òbí, ẹ yé bi ọmọ pé, "Kí lo gbà lónìí?" nìkan. Ẹ bi í pé, "Ta lo bá ṣeré lónìí?" Bó bá ní kò sẹ́ni, tí ó sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta, nǹkan wà níbẹ̀. Ẹ máa wo aṣọ tó ya, ìwé tó sọnù, owó tó ń dínkù, ọmọ tó ti ju ọdún tó ń tọ̀ sílé lọ tó tún bẹ̀rẹ̀, ọmọ tí inú ń run lọ́jọ́ ìwé nìkan. Bó bá sọ̀rọ̀, ẹ jókòó, ẹ gbọ́ ọ tán. Ẹ sọ fún un pé kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀. Ẹ má sáré lọ jà, ẹ lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé ní jẹ́jẹ́. Ọmọ ọlọ́mọ tó wà lọ́dọ̀ yín náà, ẹ bi í ní ìbéèrè kan náà, torí òun ni kò ní ẹlòmíràn.

Ẹ̀kẹfà, mẹ́rì. Láti òfin ọdún 1999 tó fi agbára fún àwọn kọ́múùnù ni kíkọ́ àti títún ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣe ti wà lọ́wọ́ wọn. À ń bẹ Pobè àti Sakété: ẹ fi ilé ìyàgbẹ́ tó ní ilẹ̀kùn àti kọ́kọ́rọ́ fún àwọn ọmọbìnrin lọ́tọ̀ sínú ìṣúná owó yín. Ẹ fi ọgbà yí ilé-ìwé ká. Ilé ìdáná ilé-ìwé tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò rẹ̀ lọ́dún 2017, ẹ jẹ́ ká rí i pé kò yọ ilé-ìwé kankan sílẹ̀, torí ibi tí gbogbo ọmọ bá ti jọ jẹun, owó oúnjẹ ò sí lọ́wọ́ ọmọ tí ẹnì kan lè fipá gbà. Ẹni tó bá sì wá tọrọ ìbò lọ́wọ́ wa, a ó bi í ní ìbéèrè yìí lójú gbogbo ènìyàn.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, ti ọmọ tó ń fòòró ẹlòmíràn. Ọmọ wa lòun náà. Bí a bá gbé e, tí a nà án títí ara ẹ̀ bó, ẹ̀kọ́ wo la kọ́ ọ? Pé ẹni tó lágbára jù ló ń jàre. Ó mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì ni pé kó dá owó tó gbà padà, kó tọrọ àforíjì lójú àwọn tó rí i nígbà tó ṣe é, kí bàbá àti ìyá ẹ̀ mọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni pé ká bi í pé, "Ta ló ń ṣe ìwọ náà báyìí nílé?" Lọ́pọ̀ ìgbà, omi á jáde lójú ẹ̀. Ìgbà yẹn lẹ máa mọ ibi tí signal ti wá.

Ẹ̀yin ọba wa, ẹ̀yin ìjòyè wa, ìpàdé wa á tún wáyé kí ilé-ìwé tó wọlé ní oṣù Kẹsàn-án. Ẹ jẹ́ kí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan mú orúkọ àgbà méjì wá lọ́jọ́ náà. A ó pe àwọn orúkọ yẹn síta, a ó sì tẹ̀ wọ́n sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́. Ilé-ìwé tí kò bá mú orúkọ wá, a ó tẹ orúkọ ilé-ìwé náà, a ó fi àyè sílẹ̀ níwájú ẹ̀, kí gbogbo ìlú rí i pé àyè ṣófo.

Ní alẹ́ òní, bí ẹ bá délé, ẹ má tíì sùn. Ẹ pe ọmọ tó máa ń dákẹ́ jù nínú ilé, ẹ ní kó wá jókòó tì yín. Ẹ bi í pé ta ló bá ṣeré lónìí.

Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí orí ọmọ wa wọ́ lójú wa.